Ta Ló Ra Dùùrù Náà?

Bíbélì kíkà: Fílípì 4:10-20
Ẹ tún ka: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 16:11-40, Nehemáyà 13:10-12

Ẹ̀kọ́ tòní gùn díẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ń kánjú lọ sí ilé-ìwé, ẹ kà á dé ìdajì, kí ẹ parí rẹ̀ ní àṣálẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi ní Kúdẹtì níbí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní apá Mọ̀lété. Òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa. Kíbọ́ọ̀dù tí à ń lò nígbà náà ti darúgbó; òjò ti wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bọ́tìnì bíi mẹ́fà kò sì dún mọ́ rárá. Ọmọ náà mọ ibi tí wọ́n wà, á máa fò wọ́n bí ẹni tó ń fo kòtò lójú títì. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo yà sí ilé wọn, mo bá a lórí àpótí níwájú ilé. Ó ti fi bírò ya gbogbo bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù sórí páálí, funfun àti dúdú, ó ń fi ìka rìn lórí wọn, ó sì ń fi ẹnu pe ohùn wọn. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Orin ọ̀la ni mò ń kọ́, sà. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi ti mọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́."

Mo sọ ọ̀rọ̀ páálí yìí níbi ìpàdé àdúrà ọjọ́ Ọjọ́rú. N kò bẹ̀bẹ̀ owó o, mo kàn ń sọ ọ́ bí ìtàn ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, màmá kan tí wọ́n ń ta ẹ̀kọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa kan ilẹ̀kùn mi. Owó wà lọ́wọ́ wọn nínú náílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n fi okùn dì. Owó àjọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni, ₦120,000. Wọ́n ní kí n fi ra kíbọ́ọ̀dù fún ọmọ yẹn, kí n má dárúkọ wọn fún un, kí n má sì dárúkọ wọn fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣèlérí. A lọ sí Dùgbẹ̀, a ra tòkunbọ̀ kan tó dára, owó ọkọ̀ nìkan ló ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́. Mo sọ fún ọmọ náà pé ẹnì kan nínú ìjọ ló rà á, mo sì dákẹ́ níbẹ̀.

Ní Sọ́ńdè ìdúpẹ́ tó tẹ̀lé e, ó jáde wá jẹ́rìí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó kígbe halelúyà, ìjọ dáhùn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìlà tí àwọn alàgbà jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀kan nínú wọn, bàbá kan tí Ọlọ́run ti bùkún, tí gbogbo wa sì mọ̀ sí ọlọ́wọ́-ṣíṣí. Ó ní bí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ kí òun mọ̀, òun ti mọ̀ pé àwọn ni, pé ta ni ìbá tún ṣe é? Ìjọ pàtẹ́wọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Olúwa ló ṣe é." Mo wo ẹ̀yìn. Màmá ẹlẹ́kọ wà níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí nítòsí ilẹ̀kùn, àwọn náà ń pàtẹ́wọ́.

Èmi tí mo mọ òtítọ́ wà lórí pẹpẹ pẹ̀lú máíìkì lọ́wọ́, n kò sì sọ ohunkóhun. Mo wí fún ara mi pé ìlérí tí mo ṣe fún màmá ló dí mi lẹ́nu. Ìdajì òtítọ́ nìyẹn. Ìdajì yòókù ni pé alàgbà yẹn kan náà ló ti ṣèlérí páànù tí a fẹ́ fi tún òrùlé ilé ìjọsìn ṣe. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù páànù ló bà mí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo padà sí Fílípì orí kẹrin bí ẹni tí kò kà á rí. Ẹsẹ kẹtàlá rẹ̀ wà lára ọkọ̀ Micra tó ń lọ sí Bẹẹrẹ. Ẹsẹ kọkàndínlógún wà lára kàlẹ́ńdà tí a ń pín lọ́dọọdún, ó sì wà lẹ́nu gbogbo wa nígbà tí owó ilé bá tó san. Ṣùgbọ́n ibo ni àwọn ẹsẹ méjèèjì yìí ti wá? Inú ìwé ọpẹ́ ni. Ọkùnrin kan wà nínú ìdè, àwọn ènìyàn rẹ̀ fi owó àti nǹkan ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́. A já àwọn ìlérí inú ìwé náà bí ẹni já ọsàn, a fi igi sílẹ̀. Ta ni Pọ́ọ̀lù sọ fún pé Ọlọ́run òun yóò pèsè gbogbo àìní wọn? Àwọn tí wọ́n ti mú ọwọ́ lọ sí àpò nítorí rẹ̀ ni.

Ìwé Mímọ́ jẹ́ ká mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Nínú 2 Kọ́ríńtì 8, Pọ́ọ̀lù sọ nípa àwọn ìjọ Makedóníà, níbi tí Fílípì wà, pé wọ́n wà nínú ìṣẹ́ tó jinlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fúnni, wọ́n sì tún kọjá agbára wọn. Obìnrin oníṣòwò ni ẹni àkọ́kọ́ tí a dárúkọ nínú ìjọ náà, Lìdíà tó ń ta aṣọ elésè-àlùkò. Ìlú yẹn kan náà ni wọ́n ti na Pọ́ọ̀lù àti Sílà, tí wọ́n sì kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ní ọ̀gànjọ́ òru, àwọn méjèèjì ń gbàdúrà, wọ́n ń kọrin, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gbọ́. Kò sí dùùrù, kò sí ìlù, ẹ̀yìn wọn sì ti bó. Mo máa ń rò ó pé nígbà tí ìwé ọpẹ́ yìí dé Fílípì, tí wọ́n kà á sókè nínú ìjọ, ó ṣeé ṣe kí onítúbú ọjọ́sí wà níbẹ̀, ẹni tó wẹ ọgbẹ́ wọn lóru ọjọ́ yẹn. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ orin àti ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ kò jìnnà síra nínú ìjọ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ìṣirò owó ni mo kà ní Pólì kí Olúwa tó pè mí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìdí nìyẹn tí ojú mi fi ń yára rí nǹkan wọ̀nyí. Ẹ wo ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún: ó sọ̀rọ̀ nípa fífúnni àti gbígbà, bí ẹni tó ṣí ìwé owó tó ní apá méjì. Ẹsẹ kẹtàdínlógún: ó ní ohun tí òun ń wá ni èso tí yóò máa pọ̀ sí i nínú ìṣirò wọn. Ẹsẹ kejìdínlógún: níbi tó ti sọ pé gbogbo rẹ̀ ti tẹ òun lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tó lò ní èdè Gíríìkì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣòwò ìgbà náà máa ń kọ sórí ìwé nígbà tí owó bá ti wọlé pé. Rìsíìtì ni! Pọ́ọ̀lù já rìsíìtì fún àwọn ará Fílípì. Ó kọ orúkọ ẹni tó mú un wá, Epafíródítù, ẹni tó ṣàìsàn dé ojú ikú lẹ́nu iṣẹ́ náà, bí ẹ ṣe rí i ní orí kejì. Kò gbàgbé ti àtijọ́ pẹ̀lú: ó rán wọn létí pé nígbà tí òun wà ní Tẹsalóníkà, wọ́n ránṣẹ́ sí òun, wọ́n tún ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ta ni nínú wa ló rántí ẹni tó san owó ìdánwò rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àti iye ìgbà tó san án?

Lónìí, bí ẹnì kan bá ṣe wá lóore, a ó ní "Ọlọ́run ló ṣe é," a ó sì kọjá lọ. Òótọ́ ni pé Ọlọ́run ló ṣe é. Pọ́ọ̀lù náà fi Olúwa ṣáájú, òun ni ayọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ kẹwàá. Ṣùgbọ́n kò fi Olúwa bo àwọn ará Fílípì mọ́lẹ̀. Agbọ́tí Fáráò kò sọ pé Ọlọ́run kọ́ ló mú òun kúrò lẹ́wọ̀n. Ó kàn gbàgbé Jósẹ́fù ni, Jósẹ́fù sì fi odindi ọdún méjì sí i jókòó sí ẹ̀wọ̀n. Mo tún máa ń ronú nípa ọmọdébìnrin ilé Náámánì nínú 2 Ọba 5. Náámánì padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Èlíṣà tòun ti ẹ̀bùn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ẹrú tó kọ́kọ́ dárúkọ wòlíì ńkọ́? A kò rí i kà níbì kankan pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé o ṣeun.

Àwọn onílù wa mọ ohun tí ìjọ kò mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lọ sí òde ìnáwó ní Ọjà'ba tàbí ní ẹsẹ̀ òkè Mápó, ẹ na owó fún ọmọ Àyàn, kí ẹ wò ó bóyá yóò gbà á kó dákẹ́. Gángan yóò pe orúkọ yín, yóò pe ti bàbá yín, yóò sì ki ìdílé yín débi tí ẹ̀yin fúnra yín kò mọ̀. N kò sọ pé kí ìjọ di òde ìnáwó o! Mo ti rí ibi tí akọrin ti ń fi kíbọ́ọ̀dù ilé Ọlọ́run ki olówó, tó bá ti rí ẹni tó wọ aṣọ olówó ńlá lẹ́nu ọ̀nà, yóò yí orin padà. Ìríra ni èyí jẹ́ fún mi, mo sì ti dá a dúró láàárín orin rí. Irú ìyẹn kò kúkú dúpẹ́ fún ohun tó gbà. Ohun tí yóò gbà lọ́la ló ń pè. Pọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Kó tó já rìsíìtì, ó sọ fún wọn gbangba pé òun ti kọ́ láti wà nínú ọ̀pọ̀ àti nínú àìní, pé kì í ṣe ẹ̀bùn ni òun ń lé. Ó dúpẹ́ tọkàntọkàn, síbẹ̀ kò sọ ara rẹ̀ di ẹrú wọn, kò sì ta okùn sílẹ̀ fún ẹ̀bùn mìíràn. Èmi tí mo dákẹ́ nítorí páànù ni mo ta okùn sílẹ̀.

Ó dára kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ pé kì í ṣe owó ńlá nìkan ni ìrànlọ́wọ́. Àwọn àgbà inú yín yóò rántí I. K. Dáíró, onílù àti olórin jùjú, tí wọ́n bí ní Ọ̀fà ní ọdún 1930. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún méje, bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìlù kan fún un. Ilé-ìwé kò ṣeé parí, nítorí owó kò sí. Nígbà tí wọ́n padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni Dáíró ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìlù bàbá rẹ̀ ń bá a rìn káàkiri. Nígbà tó yá, ó dé Ìbàdàn wa níbí, ó bá Daniel Òjogé ṣeré lóru, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1963, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE, òun ló sì mú kí ohùn dùùrù alápò tí à ń pè ní akọ́díọ́nù di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ jùjú. Ní ìgbẹ̀yìn, ó di aṣáájú nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, kó tó sùn ní ọdún 1996. Bàbá tí kò rí owó ilé-ìwé san ṣì rí igi àti awọ, ó sì ní ọwọ́ méjì. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sọ pé ẹ kò ní nǹkan kan tí ẹ lè fún ọmọ, ẹ wo inú ilé yín dáadáa.

Ìjọ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gbọ́. Nínú 1 Kíróníkà 23:5, ẹgbàajì ènìyàn, ìyẹn 4,000, ni a yàn láti máa fi ohun èlò yin Olúwa, Dáfídì ọba ló sì pèsè àwọn ohun èlò náà. Kò ní kí olúkúlùkù lọ wá tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Nehemáyà dé, ó bá ilé Ọlọ́run ní ìdákẹ́rọ́rọ́. Ó wádìí. Wọn kò fún àwọn akọrin ní ìpín wọn mọ́, olúkúlùkù ti sá lọ sí oko rẹ̀. Kò bá àwọn akọrin jà, àwọn ìjòyè ló bá jà. Ní Ìbàdàn yìí, oko tí àwọn ọmọ wa ń sá lọ kò jìnnà: ẹgbẹ́ olórin òde ń wá wọn kiri, wọ́n ń san owó lóru ọjọ́ náà gan-an, wọ́n sì ní kíbọ́ọ̀dù tí gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ ń dún. Wọ́n ti wá bá ọmọ oníwẹ́dà wa lẹ́ẹ̀mejì kí màmá ẹlẹ́kọ tó kan ilẹ̀kùn mi. N kò mọ̀ nígbà náà.

Ẹnì kan lè bi mí pé, "Pásítọ̀, Jésù kọ́ ló ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe? Ẹ jẹ́ kí màmá wà ní ìkọ̀kọ̀." Òótọ́ ni, Mátíù 6 sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí a pàṣẹ náà fún: ẹni tó ń fúnni ni. Òun ni a ní kó má fun fèrè. A kò pàṣẹ fún ẹni tó gbà pé kó dákẹ́, a kò sì fún ẹlòmíràn láṣẹ láti jókòó sórí àga ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí mò ń bi ara mí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn nìyí. Mo ti ṣèlérí, n kò sì gbọ́dọ̀ já a. Ṣùgbọ́n mo lè padà lọ bá ẹni tí mo ṣèlérí fún.

Àdúgbò tí a wà yìí pàápàá ń dá mi lẹ́bi. Ní ọdún 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ mú ìhìnrere wá sí Ìbàdàn, Kúdẹtì níbí ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Nígbà ogun Ìjàyè, láti ọdún 1860, ọ̀nà dí, owó kò wọlé láti òkè òkun mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun inú ilé wọn láti rí owó ẹyọ tí wọn yóò fi jẹun. Wọ́n kúrò níbí ní ọdún 1869, Anna sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí a tẹ ìwé tí a kó jọ láti inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1872, orúkọ àwọn ènìyàn wa wà nínú rẹ̀: Daniel Olúbí tó dúró tì wọ́n, àwọn ọmọ kékeré Yéjídé àti Akínyẹlé tí bàbá wọn, ìjòyè Ìbàdàn, fà lé wọn lọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́. Òyìnbó tó kú sí òkè òkun kò gbàgbé orúkọ ọmọ Kúdẹtì. Èmi tí mo wà ní Kúdẹtì gbé orúkọ màmá ẹlẹ́kọ mì.

Alàgbà ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo ti rí ẹsẹ Bíbélì tí mo máa fi gún wọn. Mo ní, "Bàbá, kíbọ́ọ̀dù yẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ rà á." Wọ́n wò mí, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ní, "Kíbọ́ọ̀dù wo? Ṣé kì í ṣe ti ₦5,000 tí mo fún ọmọ yẹn nígbà tí ara ìyá rẹ̀ kò yá ni ó ń dúpẹ́ lé lórí?" Wọn kò gbọ́ ẹ̀rí náà dáadáa, etí ọ̀tún wọn ti ń dùn wọ́n láti bí oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti ń pe ènìyàn Ọlọ́run ní olè ọpẹ́ nínú ọkàn mi, tí mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Páànù kò bá ọ̀rọ̀ yìí tan rárá. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo sì sọ ìdí tí mo fi ń tọrọ rẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ wá ẹni tó ni ọpẹ́.

Mo dé ọ̀dọ̀ màmá nígbà tí wọ́n ń pọ́n ẹ̀kọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tú mi sílẹ̀ nínú ìlérí. Wọ́n ń fi ewé di ẹ̀kọ, wọn kò gbé ojú sókè. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni wọ́n sọ òótọ́ fún mi. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, kì í ṣe nítorí Mátíù orí kẹfà nìkan. Ìyá ọmọ yẹn àti èmi kì í kí ara wa. Ọ̀rọ̀ àjọ ló da àárín wa rú, ó ti pé ọdún mẹ́rin. Bó bá mọ̀ pé owó mi ni, yóò ní kí ọmọ dá a padà, ọmọ yóò sì padà sórí páálí." Mo jókòó sórí àpótí tó wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wàásù fún àwọn méjèèjì, lójoojúmọ́ Sọ́ńdè, n kò mọ̀.

A gbàdúrà. Wọ́n ní ó dáa, kí n sọ fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n kí n má sọ lórí pẹpẹ.

Mo sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá kíbọ́ọ̀dù náà lè fi bátìrì ṣiṣẹ́. Mo ní ó lè ṣe é. Ó lọ ra bátìrì mẹ́fà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ní àkókò tí màmá máa ń tẹ́ ọjà sílẹ̀, ó gbé kíbọ́ọ̀dù náà lé èjìká gba ìsàlẹ̀ àdúgbò kọjá, gbogbo ènìyàn ń wò ó. Ó gbé e kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì níwájú ìsọ̀ ẹ̀kọ, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ní, "Màmá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni. Ẹ ṣeun. Orin wo lẹ fẹ́?" Wọ́n ní àwọn kò mọ èyí tí àwọn máa mú. Ó ní kí wọ́n mú mẹ́ta. Ó tẹ̀ ẹ́ fún wọn, àwọn tó wá ra ẹ̀kọ dúró, ọlọ́kadà kan pa ẹ̀rọ rẹ̀, màmá sì ń kọrin, omi ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ wọn.

Kò dá kíbọ́ọ̀dù náà padà. Ohun tó sọ fún ìyá rẹ̀ nílé, n kò bi í. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí mo ṣe ń kọjá lọ láàárọ̀, mo rí ìyá ọmọ náà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, wọ́n dúró ní ìsọ̀ màmá, wọ́n ń ra ẹ̀kọ márùn-ún. Mo kí wọn, mo sì yára kọjá.

Àdúrà
Baba, mú orúkọ ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ tí n kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wá sí ọkàn mi ní àárọ̀ yìí, kí o sì jẹ́ kí n bá a láàyè.
Baba, gba ìbẹ̀rù olówó kúrò lẹ́nu àwọn ìránṣẹ́ rẹ, bẹ̀rẹ̀ láti orí mi.
Baba, rántí gbogbo akọrin tó ń kọ́ orin lórí páálí ní Ìbàdàn. Rán ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn wọn, ní orúkọ Jésù.
(Ẹ dárúkọ àwọn olùrànlọ́wọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹ tó ṣe Oore-ọ̀fẹ́.)